Lẹ́tà Díẹ̀ Tó Wà Láàárín Ibà Lásán àti Ẹsẹ̀ Tó Rọ

Bí 200 ọmọ tí kò gba àjẹsára kankan bá kó fáírọ́ọ̀sì rọpárọsẹ̀ irú kìn-ín-ní, nǹkan bí ẹyọ kan péré nínú wọn ni ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò rọ. Bí ó bá jẹ́ irú kejì ni wọ́n kó, a ó ka ọmọ tó tó 2,000 kí a tó kan ẹyọ kan. Àwọn yòókù lè ní ibà díẹ̀, ọ̀fun lè máa dùn wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe wọ́n. Ẹbí kan náà ni àwọn fáírọ́ọ̀sì wọ̀nyí, ẹbí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní enterovirus. Inú ìfun ni wọ́n ń gbé. Ọwọ́ tí a kò fọ̀ àti omi tí ìgbọ̀nsẹ̀ kàn ni wọ́n fi ń ti ara ọmọ kan bọ́ sí ara òmíràn. Kí ló wá mú kí ọ̀kan burú ju èkejì lọ?

Mo ní ìdí tí mo fi ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Àbúrò kan ládùúgbò wa ní Akaka Rẹ́mọ gbé ọmọ rẹ̀ ọlọ́sẹ̀ mẹ́rìnlá ti ibi àjẹsára dé, ó sì bi mí pé: “Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní inú oògùn tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu yẹn náà ni àìsàn ọ̀hún ti ń jáde. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ni mo tún ń gbé ọmọ lọ síbẹ̀ ṣe?” Ẹni tó bá dá a lóhùn pé irọ́ ni kò ṣe é lóore. Ẹni tó bá ní òótọ́ ni, tó sì dákẹ́ síbẹ̀, ó ti ṣe ọmọ náà níbi. Inú àkọsílẹ̀ àbínibí fáírọ́ọ̀sì náà ni ìdáhùn gidi wà.

Gbogbo ohun tí fáírọ́ọ̀sì yìí mọ̀ ọ́n ṣe wà nínú àkọsílẹ̀ kan tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 7,500 lẹ́tà. Nígbà tí Albert Sabin ṣe oògùn àjẹsára tí a ń kán sẹ́nu, fáírọ́ọ̀sì tí agbára rẹ̀ ti dínkù ló lò. Àwọn onímọ̀ tó ka lẹ́tà irú kejì lẹ́yìn náà rí i pé ibi méjì pàtàkì ni àìlágbára rẹ̀ ti wá: ọ̀kan ni lẹ́tà 481, èkejì wà ní apá tó ń ṣètò ẹ̀wù tí fáírọ́ọ̀sì náà wọ̀. Nítorí ìyípadà kékeré wọ̀nyí, fáírọ́ọ̀sì àjẹsára lè gbé inú ìfun, kí ó sì kọ́ ara ọmọ ní ìjà, ṣùgbọ́n kò lágbára bíi ti àdánidá láti kọlu àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń pàṣẹ fún iṣan.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé fáírọ́ọ̀sì kì í ṣe akọ̀wé tó já fáfá. Bó ṣe ń ṣe àdàkọ ara rẹ̀ ló ń ṣi lẹ́tà kọ. Láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́tà 481 lè padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nínú ìfun ọmọ tó gba oògùn. Níbi tí gbogbo ọmọ ti gba àjẹsára, kò ní rí ibi gbà, ọ̀rọ̀ náà á sì parí síbẹ̀. Níbi tí àwọn tí kò gbà á bá pọ̀ sí, á máa ti ara ọmọ dé ara ọmọ fún oṣù púpọ̀, á sì máa gba agbára rẹ̀ padà. Ní apá àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní VP1, tí ó ní nǹkan bí 900 lẹ́tà, bí lẹ́tà 6 bá ti yí padà nínú irú kejì, àwọn onímọ̀ ti kà á sí fáírọ́ọ̀sì tó jáde láti inú àjẹsára.

Nàìjíríà níbí ni ẹ̀rí ńlá kan ti wá. Ní 2010, Helen Jenkins àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine, lórí àwọn ọmọ tí ara wọn rọ ní orílẹ̀-èdè yìí láti January 2005 títí dé June 2009. Wọ́n fi ọmọ 278 tí irú kejì tó jáde láti inú àjẹsára mú wé 2,323 tí irú kìn-ín-ní àdánidá mú àti 1,059 tí irú kẹta àdánidá mú. Lọ́dọọdún, nínú 100,000 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tí ààbò kò sí lára wọn, irú kìn-ín-ní ń mú nǹkan bí 6.8, irú kẹta 4.0, irú kejì yìí 2.7. Iye wọn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo bí ara àwọn ọmọ náà ṣe rọ tó, wọn kò rí ìyàtọ̀ gidi kankan. Iye ọmọ tí ọwọ́ fáírọ́ọ̀sì ń tẹ̀ lè yàtọ̀ láti irú kan sí òmíràn. Ìyà ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti tẹ̀ kò yàtọ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe sọ fún àbúrò mi pé òótọ́ wà nínú ohun tó gbọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò fún ní àjẹsára ni fáírọ́ọ̀sì tó yí padà ń wá kiri. Ọjọ́ 25 August 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀ àdánidá. Síbẹ̀, ní 2021 nìkan, ọmọ tó lé ní 400 ni irú kejì tó jáde láti inú àjẹsára rọ lápá tàbí lẹ́sẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní March ọdún náà, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ lo oògùn tuntun kan, nOPV2, tí àwọn onímọ̀ tún àwọn lẹ́tà rẹ̀ tò kí ó má baà rọrùn fún un láti padà di alágbára.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè ọya nìkan ni èyí. Ṣágámù ni ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn àti ọ̀nà Benin ti pàdé. Ohun tí èrò ọkọ̀ bá gbé sínú ìfun rẹ̀, á bá a sọ̀ kalẹ̀ níbi tó bá ti sọ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀. Láti April 2016, irú kìn-ín-ní àti irú kẹta nìkan ló wà nínú oògùn tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu lọ́jọ́ ìbí, àti ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ ló ní irú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú. Òkú fáírọ́ọ̀sì ló sì wà nínú rẹ̀. Kò lè ṣe àdàkọ ara rẹ̀, kò sì lè yí padà. Òbí tó bá ní kíkán ti tó, tó sá fún abẹ́rẹ́ nítorí ẹkún ọmọ, ti fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ gbayawu fún irú kejì.

Bí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 bá ṣàdédé rọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ pé ó tẹ nǹkan tàbí pé ayé ló ṣe é fi ọjọ́ ṣòfò. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí wákàtí 24 ó kéré tán wà láàárín méjèèjì, kí ọjọ́ 14 tó pé tí ara rẹ̀ ti rọ. Ilé àyẹ̀wò rọpárọsẹ̀ wà ní Ìbàdàn àti ní Maiduguri. Àyẹ̀wò yẹn kò lè mú ẹsẹ̀ tó ti rọ padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí wọ́n bá kà nínú rẹ̀ ni yóò sọ irú fáírọ́ọ̀sì tó ń jà ládùúgbò, ibi tó ti wá, àti oògùn tó yẹ kí wọ́n tètè gbé dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yòókù.

Ẹ yọ káàdì àjẹsára ọmọ yín lónìí, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ sí. Bí ó bá ṣófo, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún ọmọ ní ilé ìwòsàn ìjọba.