Phenylketonuria ìyá

Phenylketonuria ìyá ni ìpalára tí ó máa ń bá ọlẹ̀ nígbà tí phenylalanine bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin tí ó lóyún rẹ̀. Phenylalanine jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ásíìdì amínò tí ó para pọ̀ di purotéènì. Ó wà nínú ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà àti ẹ̀wà, ara ènìyàn kò sì lè ṣe aláìní i. Àpọ̀jù rẹ̀ ni ewu.

Ẹ́nsáìmù kan nínú ẹ̀dọ̀ ni ó ń sọ phenylalanine di tyrosine. Ẹ́nsáìmù yìí kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lára ẹni tí a bí pẹ̀lú àrùn phenylketonuria (PKU), tí Asbjørn Følling, oníṣègùn ará Nọ́wè, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní ọdún 1934. Láti àwọn ọdún 1960, ìdánwò ẹ̀jẹ̀ tí Robert Guthrie gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti jẹ́ kí a lè tètè dá àrùn náà mọ̀ lára ọmọ tuntun, kí a sì fi oúnjẹ tí phenylalanine rẹ̀ kéré tọ́ ọ. Ọpọlọ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ jí pépé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn fi oúnjẹ náà sílẹ̀ ní kékeré, nítorí èrò ìgbà náà ni pé ọpọlọ tí ó ti gbó ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin inú wọn wá lóyún, ìṣòro mìíràn yọjú.

Ohun tí ó ṣàjèjì níbẹ̀ ni pé ọmọ inú oyún náà fúnra rẹ̀ kì í sábà ní PKU, nítorí pé ó ti gba jíìnì tí ó pé lọ́dọ̀ bàbá. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ni ìpalára ti ń wá. Ibi-ọmọ a máa fa ásíìdì amínò sọ́dọ̀ ọlẹ̀, débi pé phenylalanine inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ máa ń ga ju ti ìyá lọ. Ọ̀nà kan náà ni òun, tyrosine àti tryptophan sì ń gbà wọ inú ọpọlọ. Bí òun bá ti kún ọ̀nà, àwọn yòókù kò ní rí àyè kọjá tó.

Ní ọdún 1980, Roger Lenke àti Harvey Levy tẹ àkójọ ìròyìn nípa irú oyún bẹ́ẹ̀ jáde. Níbi tí phenylalanine ìyá ti tó míligíráàmù 20 nínú dẹsilítà ẹ̀jẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ náà ni òye wọn kò pé, ìdá 73 ni orí wọn kéré ju bó ti yẹ lọ, ìdá 12 sì ní àléébù ọkàn.

Kí obìnrin tó lóyún ni ó yẹ kí ó ti padà sórí oúnjẹ náà, nítorí pé ọkàn ọlẹ̀ máa ń dá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Ìwọ̀n tí àwọn oníṣègùn sábà ń fẹ́ ni máíkírómólù 120 sí 360 nínú lítà kan. Àpòpọ̀ purotéènì tí a ti yọ phenylalanine kúrò nínú rẹ̀ ni ó máa ń rọ́pò ẹran àti ẹyin. Aspartame, èròjà aládùn tí a ń lò dípò ṣúgà nínú àwọn ohun mímu kan, ní phenylalanine nínú, ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ ìkìlọ̀ fún àwọn tó ní PKU sára ìgò wọn.