Santi Cazorla: Ẹsẹ̀ tí wọ́n ní kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ló bá wọn gbé Oviedo padà sí líìgì kìíní

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 2025, ní pápá ìṣeré Carlos Tartiere ní ìlú Oviedo, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Sípéènì, ọkùnrin ẹni ogójì ọdún kan gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láti gbá pẹ̀nárítì. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Real Oviedo, ti pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ Mirandés pẹ̀lú góòlù 1 sí òdo. Lọ́jọ́ yìí náà, Mirandés ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé. Góòlù méjì ni Oviedo fi wà lẹ́yìn. Ọkùnrin náà gbá pẹ̀nárítì yẹn wọlé. Nígbà tí eré parí lẹ́yìn àfikún àkókò, Oviedo ti borí pẹ̀lú 3 sí 1, wọ́n sì padà sí líìgì kìíní Sípéènì tí wọ́n ti jáde kúrò níbẹ̀ láti ọdún 2001.

Santi Cazorla lorúkọ ọkùnrin náà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo Arsenal láàárín ọdún 2012 sí 2016 kò lè gbàgbé rẹ̀: ọkùnrin kúkúrú, tí ìdúró rẹ̀ kò ju mítà 1.68 lọ, tó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù, tó sì ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá a bákan náà, débi pé àwọn tó ń ṣọ́ ọ kì í mọ ẹsẹ̀ tó fẹ́ lò. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni bí ó ṣe dé ibi tó dé lónìí. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín.

Gbèsè ló lé e kúrò nílé

Ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 1984 ni wọ́n bí Cazorla ní Lugo de Llanera, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Oviedo, ní agbègbè Asturias. Láti kékeré ló ti wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí ẹgbẹ́ Oviedo ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù. Gbogbo ohun tó ń fẹ́ ni kí òun dàgbà kí òun sì wọ ẹ̀wù àwọ̀ búlúù ẹgbẹ́ náà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àwọn àgbà.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2003, gbèsè bo Oviedo mọ́lẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́, wọn kò rí owó oṣù gbà. Ẹgbẹ́ náà já kúrò ní líìgì kejì, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù sì tún tì wọ́n wálẹ̀ dé ìpele kẹrin nítorí owó tí wọ́n jẹ. Ọmọ ọdún 18 ni Cazorla nígbà náà. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Villarreal, ìlú kékeré kan ní ìlà oòrùn Sípéènì, láìtíì gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo fún àwọn àgbà Oviedo.

Ní Villarreal ni orúkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó lọ ṣe sáà kan ní Recreativo de Huelva ní ọdún 2006, ó sì padà sí Villarreal ní ọdún 2007. Nígbà tó fi máa di ọdún 2008, ó ti wà nínú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Sípéènì tó lọ sí ìdíje ife ẹ̀yẹ Yúróòpù. Nígbà tí Sípéènì àti Ítálì dé orí pẹ̀nárítì, Cazorla gbá tirẹ̀ wọlé. Nínú àṣekágbá pẹ̀lú Jámánì, ó wọlé rọ́pò David Silva, Sípéènì sì gba ife náà. Ní ọdún 2012, ó tún wà nínú àwọn tó gba ife Yúróòpù lẹ́ẹ̀kejì. Ife àgbáyé ọdún 2010 nìkan ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí ìpalára kò jẹ́ kó lè lọ.

Ní ọdún 2011, Málaga, tí ọlọ́rọ̀ kan láti Qatar ti rà, san owó ńlá láti mú un. Ó bá wọn ṣe ipò kẹrin ní líìgì, wọ́n sì yege fún ìdíje Champions League fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Ṣùgbọ́n owó olówó náà kò dúró. Kí ọdún kan tó pé, wàhálà owó ti dé bá Málaga náà, wọ́n sì ní láti ta àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn tó dára. Ẹ ò rí i pé ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí gbèsè ẹgbẹ́ máa lé ọkùnrin yìí kúrò níbi tó wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, Arsenal ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù rà á.

Ọdún tó dùn ní Lọ́ńdọ̀nù

Ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 38 ni ó kópa nínú rẹ̀, ó sì gbá góòlù 12 wọlé. Mẹ́ta nínú rẹ̀ ló gbá wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nígbà tí Arsenal na Reading ní 5 sí 2.

Àwọn ará Tógò tó bá wa ka ìwé yìí á rántí ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 2012. Lọ́jọ́ náà, Emmanuel Adebayor, ọmọ Tógò tí gbogbo wa mọ̀, wá bá Arsenal tí í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ pẹ̀lú ẹ̀wù Tottenham lọ́rùn. Òun ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé. Kò pẹ́ sí i ni adájọ́ fún un ní káàdì pupa nítorí ó fi ẹsẹ̀ ṣe Cazorla léṣe. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ Arsenal ti lékè. Wọ́n borí pẹ̀lú 5 sí 2, Cazorla fúnra rẹ̀ sì gbá ọ̀kan nínú rẹ̀ wọlé.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àwọn olólùfẹ́ Arsenal kò ní gbàgbé láé ni ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 2014, àṣekágbá ife FA. Ọdún mẹ́sàn-án ni Arsenal ti wà láìgba ife kankan. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, Hull City ti gbá góòlù méjì wọlé wọn. Ojú ti ń ti àwọn èèyàn. Ní ìṣẹ́jú 17, wọ́n ṣẹ Arsenal, adájọ́ ní kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kí wọ́n gbá a. Cazorla gbá a láti ọ̀nà jíjìn, ó wọlé. Góòlù yẹn ló jí àwọn yòókù. Koscielny gbá ìkejì wọlé, Ramsey gbá ìkẹta ní àfikún àkókò, ife sì di ti Arsenal. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún gbà á.

Ìrora tó fi pamọ́

Ohun tí a kò rí nígbà tí a ń pàtẹ́wọ́ fún un ni pé ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ láàárín Sípéènì àti Chile, wọ́n gbá a lẹ́sẹ̀, eegun kékeré kan sì sán níbi ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ara bá gbóná, á mú un mọ́ra. Tí ara bá ti tutù, ìrora á dé.

Ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni ó gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn fún Arsenal, nígbà tí wọ́n na Ludogorets ti Bọ̀lìgéríà ní 6 sí òdo. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ náà kọ̀, kò jiná. Wọ́n tún un ṣe, ó tún ṣí. Kòkòrò àìfojúrí ti wọ inú rẹ̀, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Kòkòrò náà jẹ eegun, ó sì jẹ iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ tó tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8. Ó kéré tán, iṣẹ́ abẹ mẹ́jọ ni wọ́n ṣe fún un.

Cazorla fúnra rẹ̀ ló sọ fún àwọn oníròyìn Sípéènì ní ọdún 2017 pé dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ fún òun pé tí òun bá tún lè bá ọmọ òun rìn nínú ọgbà, kí òun máa dúpẹ́. Ẹ gbọ́ ná: wọn kò sọ ti bọ́ọ̀lù rárá. Ìrìn lásán ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀rù sì wà pé wọ́n lè gé ẹsẹ̀ náà.

Ó gbé ẹsẹ̀ náà lọ sí ìlú Vitoria ní Sípéènì, sọ́dọ̀ àwọn dókítà mìíràn. Wọ́n fọ inú ọgbẹ́ náà mọ́, wọ́n tún iṣan rẹ̀ ṣe. Nígbà tí kò sí awọ tó lè bo ojú ọgbẹ́, wọ́n gé awọ láti apá òsì rẹ̀, wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ó ti fín orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin sí apá yẹn tẹ́lẹ̀. Títí di òní, apá kan orúkọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, apá kan sì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó gbà á ní nǹkan bí oṣù 21 kó tó tún wọ pápá. Àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú Arsenal parí ní ọdún 2018, lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 180. Villarreal, tó gbà á nígbà tí gbèsè lé e nílé, tún ṣílẹ̀kùn fún un. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ó gbá góòlù méjì wọlé Real Madrid, wọ́n sì ta ọ̀mì 2 sí 2. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, ó tún wọ ẹ̀wù orílẹ̀-èdè rẹ̀, ẹni tí wọ́n ti ní kó gbàgbé bọ́ọ̀lù. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 81 ló gbá fún Sípéènì.

Ní ọdún 2020, ó kọjá sí Al Sadd ní Qatar, níbi tí Xavi, ẹni tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù fún Sípéènì, ti jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó gba líìgì ibẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì tẹ̀léra. Ní 2021, André Ayew, ọmọ Gánà, wá bá a níbẹ̀.

Ohun tó ṣe fún ilé

Ní gbogbo àkókò yìí, kò gbàgbé Oviedo. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, ẹgbẹ́ náà tún fẹ́ kú. Bí wọn kò bá tètè rí nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 yúrò, ìyẹn bíi bílíọ̀nù kan àti ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù sẹ́fà, wọ́n máa ti ilẹ̀kùn pa. Wọ́n gé ẹgbẹ́ sí ìpín wẹ́wẹ́, wọ́n ń ta ìpín kan ní yúrò 10.75, bíi 7,000 sẹ́fà, kí mẹ̀kúnnù lè rà á. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn rà á, títí kan àwọn tí kò dé Oviedo rí. Cazorla rà, Juan Mata rà, Michu náà rà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Oviedo kọ́ ní bọ́ọ̀lù tí wọ́n sì ń jẹun nínú líìgì Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́rọ̀ ará Mẹ́síkò, Carlos Slim, náà fi owó tirẹ̀ kún un, ẹgbẹ́ sì yè.

Ẹ̀yin oníṣòwò á mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Èésú ni wọ́n dá. Kì í ṣe ọlọ́rọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Owó kéékèèké ló kọ́kọ́ fi hàn pé ilé náà ṣì ní èèyàn, kí olówó ńlá tó wá.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí Cazorla jẹ́ ẹni ọdún 38, ó padà sílé. Ó ní òun fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù fún Oviedo lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin líìgì kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó gba owó tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀. Ó sì ní kí wọ́n mú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀wù rẹ̀ tí wọ́n bá tà, kí wọ́n fi tọ́jú àwọn ọmọdé tí ẹgbẹ́ ń kọ́, níbi tí òun náà ti bẹ̀rẹ̀.

Kò rọrùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà líìgì kìíní, Espanyol sì tì í mọ́ wọn lójú. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni wọ́n padà wá. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Almería, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún Cazorla, ó gbá a wọlé, Oviedo sì kọjá sí àṣekágbá. Lẹ́yìn náà ni ti Mirandés tí a ti sọ. Dípò kó sinmi, ó tún fọwọ́ sí ìwé láti ṣe sáà kan sí i, kí òun lè bá ẹgbẹ́ ìlú òun wọ líìgì kìíní.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ àti ní Tógò ló ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìrètí pé ọjọ́ kan á dé tí àwọn á lọ sókè òkun. Kò burú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ń jẹ ẹran ara. Ẹni tó ń lọ ní láti ní ẹni tó máa bá a wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa nígbà tó bá ń dùn ún, kó má sì fi ìrora pamọ́ nítorí àtẹ́wọ́. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tó ń kọ́ wọn, ẹ máa bi wọ́n léèrè.

Kí ẹni tó bá sì rí jẹ lọ́hùn-ún rántí pé ibi tí wọ́n ti kọ́ òun ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ mìíràn. Cazorla kò dúró di ìgbà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ọdún 2012 tí iná ń jó o lọ́wọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ló ra ìpín tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tí owó náà gbà là ló wà níbẹ̀ láti gbà á, nígbà tí òun náà ń wá ibi tó máa fi ẹsẹ̀ tí wọ́n tún ṣe yẹn parí eré rẹ̀ sí.