Kẹ̀kẹ́ Ológeere Lẹ́yìn Ogójì Ọdún: Díẹ̀díẹ̀ Ni Ara Fi Ń Lókun

Nígbà tí a bá ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún jamáà lẹ́yìn àsálátù, ohun tí wọ́n máa ń bi wá tẹ́lẹ̀ ni oògùn tí yóò mú ikùn wálẹ̀. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ló kù. Dókítà ti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lo ara, orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n sáré, owó ọkọ̀ sì ti wọ́n. Kẹ̀kẹ́ ológeere la ń sọ o, kì í ṣe Márúwá, èyí tí a fi orúkọ ológun tó ṣe ìjọba Èkó láti 1996 sí 1999 pè. Kẹ̀kẹ́ tí àwọn bàbá wa fi ń ru kòkó láti oko wá sílé kí ọ̀kadà tó gbòde ni.

Arákùnrin kan nínú jamáà wa ní Ìlàrè níbí, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ló jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ojú ìwé ìlera. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kó dìde lórí àga láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó ra kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ kan, ó sì bá ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jáde láàárọ̀ Sátidé. Ọmọ ń lọ níwájú, bàbá kò fẹ́ kó fi òun sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti ń gòkè, òòyì kọ́ ọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì jókòó síbẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Láti ọjọ́ náà, kẹ̀kẹ́ di ibi tí adìẹ ń sùn lé lẹ́yìnkùlé. Ó ní ara òun kò gba kẹ̀kẹ́. A sọ fún un pé ara rẹ̀ gba kẹ̀kẹ́. Eré tó bá ọmọ ogún ọdún sá ni ara rẹ̀ kò gbà.

Nígbà tí èémí èèyàn bá ń já, ẹ̀dọ̀fóró la máa ń dá lẹ́bi. Lára ẹni tí kò ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, òun kọ́ ló sábà máa ń kùnà. Ọkàn àti ẹran itan ni. Ọkàn ẹni tó ti jókòó fún ọdún mẹ́wàá kì í lè ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan tó bá lù, nítorí náà ó ní láti máa lù kíkankíkan. Ẹran itan rẹ̀ náà kò ní òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ̀ tó láti gba ọ́síjìn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé bọ̀. Bí iṣẹ́ bá ti ju ohun tí ọ́síjìn náà lè gbé lọ, itan á bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ata, èèyàn á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Bí a bá ń gun kẹ̀kẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ara á tún ara rẹ̀ ṣe. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, omi inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, ọkàn á sì rí ẹ̀jẹ̀ tì jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ inú itan máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó pọ̀ sí i. Àwọn iṣan tó di orúnkún àti kókósẹ̀ mú ló lọ́ra jù, oṣù ni tiwọn. Ìdí nìyí tí ẹni tó rò pé òun ti di géńdé ní ọ̀sẹ̀ kẹta fi ń ṣe orúnkún ara rẹ̀ léṣe. Èémí rẹ̀ ti gùn, orúnkún kò tíì ṣetán.

Àwọn kan á ní eré ìdárayá kì í ṣe ti àgbà ẹlẹ́sìn. Ìyá wa Áíṣà, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ròyìn nínú hadíìsì tí Abu Dawud gbà wá pé òun àti Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sáré ìje lórí ìrìn àjò, òun sì ló borí. Nígbà tó yá tí òun ti sanra, wọ́n tún un sá, Ànábì ló borí lọ́tẹ̀ yìí. A fẹ́ràn hadíìsì yìí nítorí pé ìyá wa kò fi ọ̀rọ̀ sísanra náà pamọ́.

Òṣùwọ̀n tí a ń fún àwọn èèyàn kò ní owó nínú: ẹnu wọn ni. Lórí kẹ̀kẹ́, kí ẹ lè sọ odidi gbólóhùn kan tán láìdúró mí láàárín rẹ̀, tàbí kí ẹ lè máa ṣe tàsíbíì jẹ́jẹ́ kí èémí má gé e. Bí ẹ kò bá lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lọ, eré yín ti pọ̀ jù, ẹ dẹ̀ ẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 10 sí 15 ti tó, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ ìsinmi sì wà láàárín wọn. Lẹ́yìn náà ẹ máa fi ìṣẹ́jú 3 sí 5 kún un lọ́ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó bá le, ẹ tún un ṣe, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á lè lo ìdajì wákàtí láìdúró tó bá di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020 pé ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ló yẹ àgbàlagbà nínú irú eré ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yìí. Ẹni tí kò bá tíì dé ibẹ̀ kó má rò pé òfo ni òun ń ṣe. Àjọ kan náà ló ní díẹ̀ sàn ju àìṣe rárá lọ.

Ilé-Ifẹ̀ wa kì í ṣe ìlú pẹrẹsẹ, àwọn òkè ló yí i ká. Ní oṣù àkọ́kọ́, ibi títẹ́jú ni kí ẹ wá: pápá ilé ìwé lọ́jọ́ tí kò sí ẹ̀kọ́, tàbí ojú ọ̀nà inú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Ẹ má fi Lágere kọ́ṣẹ́ o. Bí òkè bá dé, ẹ lo jíà tó fúyẹ́ jù, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ kí èémí tó tán. Fífi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ gòkè, eré ìdárayá ni òun náà.

Nígbà míì, kẹ̀kẹ́ ló ń mú èèyàn rẹ̀, kì í ṣe ara. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó ń jẹ agbára lásán, ẹ jẹ́ kí fọkanáísà fún un ní afẹ́fẹ́. Ìjókòó tó bá ti kéré jù ló ń dá orúnkún lóró. Ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá: ó yẹ kí ẹsẹ̀ nà tán. Tí ẹ bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ wà á, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, bó ṣe yẹ nìyẹn.

Àwọn ìyá wa tí wọn kò gbà láàyè láti gun kẹ̀kẹ́ nígbà èwe, ẹ̀yin náà lè kọ́ ọ. Ẹ rẹ ìjókòó sílẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ ti ara yín lọ lórí pápá láìbìkítà fún pẹ́dà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lè gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè tí kẹ̀kẹ́ ń lọ tí kò dà yín nù, ó ti kù díẹ̀. Kí ṣòkòtò gígùn wà lábẹ́ jìlìbáàbù, kí ẹ sì so etí aṣọ kó má bàa kó sínú ṣéènì. Jàlàbíà àwọn ọkùnrin náà kò yàtọ̀. Ẹ wẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ aṣọ tó ti gba òógùn, kí ẹ tó wọ mọ́ṣáláṣí. Ìtàn inú aṣọ tútù ni èkúrú ìtan ti ń bẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ oògùn, èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí a bi arákùnrin wa léèrè dáadáa, a rí i pé ó ti lo atenolol àti oògùn tó ń mú ni tọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò jẹun, ó sì fi ìgò kan nínú àwọn ohun mímu agbára tì í. Atenolol àti propranolol máa ń dá ọkàn dúró kó má lè sáré. Ẹni tó ń lò wọ́n kò lè fi kíka ìlùkìkì ọkàn tàbí aago ọwọ́ mọ iye agbára tó ń lò. Ẹnu ni kó fi wọ̀n ọ́n. Ó tún yẹ kó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun lè tètè rẹ̀. Kó má sì tìtorí èyí já oògùn náà sílẹ̀ lójijì, ewu ńlá wà nínú ìyẹn. Oògùn tó ń mú ni tọ̀, bíi hydrochlorothiazide, ń dín omi ara kù kí òógùn tó tún dín in kù, ẹ mu omi kí ẹ tó jáde. Ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń wálẹ̀ lẹ́yìn eré. Nítorí náà ẹ má dúró gbì. Ẹ wà á jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, kí òòyì má bàa kọ́ yín.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń lo glibenclamide tàbí insulin, kó fi kóró ṣúgà sí àpò. Kó má gún insulin sí itan kó tó gun kẹ̀kẹ́, nítorí iṣẹ́ tí itan ń ṣe á mú un yára wọ ẹ̀jẹ̀. Bí ara bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bọ̀, tí ebi ń pa á lódì, kó sọ̀ kalẹ̀, kó jẹ ṣúgà náà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ní asthma kó mú ohun tó ń fà símú dání. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ẹni tí àyà máa ń dùn tó bá ń gun àtẹ̀gùn, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tó 180/110 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ.

Ní ọjọ́ kejì ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, itan á dùn yín. Kò burú, á lọ láàrin ọjọ́ mẹ́ta. Paracetamol àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó o. Ibuprofen àti diclofenac tí a ń rà bí ẹ̀pà máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá lára ẹni tó ń lo lisinopril pẹ̀lú oògùn tó ń mú ni tọ̀. Ní ti tramadol tí àwọn kan ń lò kí ó má bàa rẹ̀ wọ́n, àárẹ̀ kò kúrò lára o, ẹ kàn ti dí i lẹ́nu ni. Ó sì lè mú gìrì wá. Bí àyà bá fún yín tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tàbí tí ẹ dákú, ẹ má dúró de oògùn kankan, ilé ìwòsàn OAUTHC kò jìnnà.

Nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ẹ gbé e sí ẹ̀yìn ìṣínu, tàbí kí ẹ dín in kù sí ìṣẹ́jú 15 kí Mọ̀gàríbì tó wọlé. Ẹni tó ń lo oògùn ṣúgà kó má gùn ún rárá kó tó ṣínu.

Arákùnrin wa tún bẹ̀rẹ̀. Ó lé adìẹ kúrò, ó fi afẹ́fẹ́ sí táyà, ó gùn ún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí pápá, òun nìkan, láìmú ọmọ dání. Oṣù kẹrin rèé. Ó ń lo ìṣẹ́jú 40 báyìí, ó sì ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ níbi òkè tó ti bì. Ní àsálátù tó kọjá ó na apá sí wa, ẹ̀rọ kà 134/84. Ó ní ṣé òun lè wá fi oògùn sílẹ̀. A ní rárá: oògùn wà nínú nọ́ńbà yẹn, kẹ̀kẹ́ wà nínú rẹ̀, dókítà ló sì lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. A kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀ kó mú un lọ sí kílíníìkì.