Ọ̀rọ̀ Ọ̀rẹ́ Ọkọ Níbi Àsè Ìgbéyàwó

Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọ̀rẹ́ yín ń múra àti gbéyàwó, ẹ fetí sílẹ̀. Nígbà tí a bá ti ilé ìsìn dé ibi àsè, olùdarí ètò a máa pe ọ̀rẹ́ ọkọ kí ó sọ̀rọ̀, kí ó sì gbé ife sókè fún tọkọtaya. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni àṣà yìí ti wá. Láyé àtijọ́, wọn a máa ti búrẹ́dì yíyan bọ inú wáìnì kí ó lè dùn sí i. Láti ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, tóòsì, ti jáde.

Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, kì í ṣe ọ̀rẹ́ nìkan ní ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àna jókòó. Ìyá ìyàwó jókòó. Àwàdà tí ó dùn láàárín ọ̀rẹ́, bí ìtàn ọmọbìnrin tí ọkọ ti bá ṣe àfẹ́sọ́nà rí, lè di ẹ̀gún lọ́kàn ìyàwó títí ọjọ́ alẹ́. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ béèrè oríkì ìdílé méjèèjì lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ẹ yan ìtàn kan péré tí ó fi ìwà rere ọkọ hàn, kí ẹ sì kà á fún ìyá àgbà kan; bí ó bá fajú ro, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ìṣẹ́jú 5 tó. Ẹ yin ìyàwó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí. Bí ẹ óò bá mu ọtí, kí ó jẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.