Atẹdùùrù àti Apilẹ̀-Orin: Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ méjì kan mu, àwọn tí a ń rí nínú ilé ìjọsìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà ronú nípa wọn pọ̀. Èkíní ni atẹdùùrù, ẹni tí ó jókòó sídìí dùùrù tí ó ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mú un fọhùn. Èkejì ni ẹni tí ó ń ronú orin tuntun tí ó sì ń kọ ọ́ sórí ìwé, tí a ó máa pè ní apilẹ̀-orin nínú àròkọ yìí. Bí kò bá sí apilẹ̀-orin, orin àtijọ́ nìkan ni atẹdùùrù yóò máa tẹ̀ títí ayé. Bí kò bá sì sí atẹdùùrù, inú ìwé ni orin apilẹ̀-orin yóò kú sí.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ dùùrù ń wá ní ojú ewé tí a yà sọ́tọ̀ fún àṣà. Òótọ́ ni pé àjèjì ni dùùrù láàárín wa; àwọn oníwàásù òyìnbó ni wọ́n gbé e dé. Ṣùgbọ́n àjọṣe tí ó wà láàárín ẹni tí ó pilẹ̀ ọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó gbé e jáde kì í ṣe àjèjì rárá. Ẹ wo onírárà àti onílù. Bí onírárà bá ń ki ọba ní ààfin, etí àyàn wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ohùn bá ròkè, dùndún a ròkè. Bí ohùn bá sọ̀, dùndún a sọ̀. Onílù tí kò gbọ́ oríkì kò lè fi awọ sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni onírárà tí kò mọ ohun tí ìlù lè sọ kò ní mọ ibi tí ó yẹ kí òun ti dákẹ́ kí ìlù lè dáhùn. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ atẹdùùrù àti apilẹ̀-orin lónìí kò ju èyí lọ.

Èdè olóhùn ni èdè wa

Ìdí pàtàkì tí àjọṣe yìí kò fi gbọdọ̀ bàjẹ́ láàárín wa ni pé èdè olóhùn ni Yorùbá. Bí ohùn bá yí, ìtumọ̀ ti yí. Ẹrù ni a ń rù, ẹrú ni a ń rà láyé ogun, ẹ̀rù ni í bani, ẹ̀rú sì ni ìwà màkàrúrù. Bí akọrin bá fẹ́ bẹ Olúwa pé kí ó gba ẹrù òun, tí orin sì gbé ìparí ọ̀rọ̀ náà sókè, ẹrú ni ó ń fi tọrẹ yẹn! Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí a túmọ̀ àwọn orin ìsìn òyìnbó sí Yorùbá tí a kò sì pa orin wọn dà. Kódà bí ẹsẹ kìíní bá ṣe déédéé, ohùn ẹsẹ kejì kò bá ti ìkíní mu, síbẹ̀ orin kan náà ni a fi ń kọ ẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàbí márààrún.

Ibí yìí gan-an ni ìmọ̀ àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn pàdé. Apilẹ̀-orin ni ó mọ ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ sọ. Atẹdùùrù ni ó mọ ohun tí irinṣẹ́ lè ṣe. Bí a bá pín orin sí ohùn mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ti òyìnbó, ohùn òkè nìkan ni ó sábà máa ń bá ohùn èdè lọ. Àwọn mẹ́ta tó kù a máa sọ ohun mìíràn. Atẹdùùrù tí ó gbọ́n lè sọ fún apilẹ̀-orin pé: ẹ jẹ́ kí gbogbo akọrin kọ ohùn kan ṣoṣo níhìn-ín, kí dùùrù gbé àwọn ohùn yòókù, nítorí dùùrù kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu tí yóò ṣì sọ. Bákan náà ni ó lè kìlọ̀ pé dùùrù kò lè fa ohùn bí dùndún. Nínú ọ̀rọ̀ bí ìlú, ohùn máa ń yọ́ gòkè láti ìsàlẹ̀. Onílù yóò fún ọsán ìlù mọ́ra, ó parí. Ohùn kan ṣoṣo ni bọ́tìnnì dùùrù kọ̀ọ̀kan ní, nítorí náà atẹdùùrù ní láti so bọ́tìnnì méjì pọ̀ kíákíá kí ó tó rí nǹkan tí ó jọ ọ́. Apilẹ̀-orin tí kò bá jókòó ti atẹdùùrù kò lè mọ èyí.

Àwọn tí ó ṣíwájú

Àwọn baba wa kan ti la ọ̀nà yìí. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tí a bí ní 1855 tí ó sì kú ní 1930, lo orin ìbílẹ̀ fún ìyìn Ọlọ́run, ó sì gba ọ̀pọ̀ nínú orin rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Thomas King Ekundayo Phillips, tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì di atẹdùùrù ní ìjọ Christ Church, ní Marina, Èkó, ní 1914. Ìjọ yìí ni ó di Kàtídírà tí gbogbo wa mọ̀. Ibẹ̀ ni ó wà títí di 1962, ọdún méjìdínláàádọ́ta gbáko. Òun fúnra rẹ̀ kọ orin fún dùùrù lórí orin ìbílẹ̀, ó sì tẹ ìwé jáde ní 1953 lórí bí ọ̀rọ̀ àti orin Yorùbá ti so mọ́ra.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó tóbi jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn tí ó tọ́. Fela Sowande, tí a bí ní 1905, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1934. Sowande gba oyè Fellow ní Royal College of Organists ní 1943, ó sì tẹ dùùrù fún ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall láti 1945 títí di 1952. Níbẹ̀, láàárín àwọn òyìnbó, ni ó ti ń hun orin Yorùbá sínú dùùrù onífèrè ńlá. Àwọn orúkọ tí ó sọ orin rẹ̀ ń sọ ibi tí ó ti wá: Ká Múra, Ọbáńgíjì, Oyígíyigì, Jésù Olùgbàlà. Ó kú ní Amẹ́ríkà ní 1987.

Ayọ̀ Bánkọ́lé tẹ̀ lé e. Jos ni a ti bí i ní 1935, atẹdùùrù sì ni bàbá rẹ̀. Òun náà kọrin lábẹ́ Phillips ní Kàtídírà Èkó, ó lọ sí Guildhall ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1957, lẹ́yìn náà ó lọ sí Cambridge. Ní 1960 ni ó kọ Toccata and Fugue fún dùùrù. Ó padà wá di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó. Ní 1976, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì péré, wọ́n pa òun àti ìyàwó rẹ̀. Kí ni í ṣẹlẹ̀ sí orin nígbà tí ẹni tí ó kọ ọ́ bá kú lójijì báyìí? Àmì orí ìwé kò sọ gbogbo nǹkan. Ta ni yóò mọ bí ó ti fẹ́ kí ó yá tó, àti ohùn tí ó fẹ́ kí dùùrù gbé jáde? Atẹdùùrù tí ó bá a jókòó nìkan ni ó lè sọ.

Ẹ kíyè sí i pé ìran mẹ́ta ni èyí yí ká dùùrù kan ṣoṣo, bí ọmọ àyàn ti ń kọ́ ìlù lẹ́sẹ̀ bàbá. Ẹ̀wọ̀n náà kò tíì já. Charles Obayomi Phillips gba ipò bàbá rẹ̀ ní 1962. Ẹni tí ó ṣe igbákejì rẹ̀, Godwin Sadoh, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú títẹ dùùrù ní Louisiana State University ní 2004, ó sì kọ odidi ìwé kan lórí orin dùùrù Sowande ní 2007. Atẹdùùrù ni, apilẹ̀-orin ni. Ó tún wá di olùtọ́jú ohun tí àwọn baba rẹ̀ fi sílẹ̀.

Ìmọ̀ràn a máa gbeni, a sì máa panilára

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Jámánì, ọdún kan náà, 1873, ni a bí Max Reger tí ó jẹ́ apilẹ̀-orin àti Karl Straube tí ó jẹ́ atẹdùùrù. Orin Reger le débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé kò ṣeé tẹ̀. Straube tẹ̀ ẹ́, ó sì mú kí orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Reger bẹ̀rẹ̀ orin ńlá kan fún àwọn òkú ní 1914, Straube bu ẹnu àtẹ́ lù ú, Reger sì pa á tì. Ó kú ní 1916, orin náà kò sì parí láéláé. Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ wa ni pé kí atẹdùùrù sọ èrò rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó rántí pé orin kì í ṣe tirẹ̀. Ìmọ̀ràn yàtọ̀ sí àṣẹ.

Láti Òrè títí dé Odigbó

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpínlẹ̀ Oǹdó. Òrè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbó, oríta sì ni. Ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Benin àti ọ̀nà Oǹdó pàdé níbẹ̀. Oríta yìí náà ni a ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró nígbà ogun abẹ́lé ní 1967. Ọmọ Oǹdó, Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ, Ìgbò àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ń gbé pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò lè ra dùùrù onífèrè. Dùùrù àfẹsẹ̀fẹ́ ni wọ́n lò láyé àtijọ́, kíbọ́ọ̀dù oníná mànàmáná ni ó sì gbòde báyìí. Èyí kò sọ àjọṣe tí a ń wí di yẹpẹrẹ. Bí ó bá ṣe ohun kan, ó mú un le sí i ni.

Ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè. Ohun tí gbogbo Yorùbá ń pè ní ilé, ulé ni ọmọ Oǹdó ń pè é. Bí apilẹ̀-orin bá fi ẹ̀ka-èdè rẹ̀ kọ orin, tí atẹdùùrù sì jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí ọmọ Ìgbò, sólífà orí ìwé nìkan kò tó. Ó yẹ kí apilẹ̀-orin ka ọ̀rọ̀ náà sókè létí rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, kí ọwọ́ tó kan bọ́tìnnì rárá. Ibi tí ènìyàn ti ń mí nínú ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí dùùrù náà ti mí.

Èkejì ni ẹ̀sùn tí àwọn apilẹ̀-orin máa ń fi kan àwọn atẹdùùrù, pé wọ́n ń gba orin lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń yí ohùn rẹ̀ padà láìsọ fún wọn, orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ a sì ti sọnù kí orin náà tó dé ìjọ kẹta. Àwọn atẹdùùrù náà ní tiwọn láti sọ: pé àwọn apilẹ̀-orin ń kọ ohun tí ìka mẹ́wàá kò lè tẹ̀, wọ́n ń mú un wá ní alẹ́ Sátidé, wọ́n sì ń retí pé kí ó dùn ní òwúrọ̀ Sunday. Ẹjọ́ méjèèjì ló ní òótọ́ nínú.

Àṣà wa ní oògùn rẹ̀. Kò sí oníjàlá tàbí onírárà gidi tí í lanu láìjúbà. Ó ní láti júbà fún ẹni tí ó kọ́ ọ, fún ẹni tí ó ti wà ṣáájú rẹ̀, nítorí a gbà pé ìbà tí a kò jú lè dabarú eré. Kí ni ó dé tí ìjọ fi lè kọ orin tuntun láìdárúkọ ẹni tí ó pilẹ̀ rẹ̀? Kíkọ orúkọ apilẹ̀-orin sí òkè ìwé, pẹ̀lú ọdún tí ó kọ ọ́, ìbà ni. Bíbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó yí ohùn kan padà, ìbà ni. Sísan owó iṣẹ́ fún atẹdùùrù àti fún apilẹ̀-orin, níwọ̀n bí agbára ìjọ bá ti mọ, ìbà ni.

Àwọn kan yóò sọ pé ìlù ni kí a lò, kí a jẹ́ kí dùùrù padà sí ilé rẹ̀. Èmi kò bá wọn jà. Ìlù wa kò gbọdọ̀ parun. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a gbà tọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún ti di ọmọ ilé. Bí a kò bá fi èdè wa kọ́ ọ, èdè ẹlòmíràn ni yóò máa sọ nínú ilé wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fi orin sí i. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà kọ orin, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹdùùrù kí ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, nítorí kọ̀ǹpútà kì í rẹ̀, ìka a máa rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ ṣí àwọn àpótí tí àwọn atẹdùùrù àtijọ́ fi sílẹ̀ wò; ẹ ṣe ẹ̀dà ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ kí ikán tó jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ará Òrè àti Odigbó, inú igbó gẹdú ni ẹ ń gbé, ẹ sì mọ̀ ju wá lọ pé igi kan kì í dá igbó ṣe.