Ibo Ni Ẹ̀jẹ̀ Yín Ti Pàdé? Ìṣirò Ìbátan fún Àwọn Tí Ó Fẹ́ Ṣe Ìgbéyàwó

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Òṣíẹ̀lẹ̀ kọ̀wé sí wa pé òun ti rí ọmọbìnrin tí ó wu òun láti fẹ́, àwọn ẹbí méjèèjì sì ti ń múra mọ̀mí-n-mọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá àgbà kan gbọ́ orúkọ agbo-ilé ọmọbìnrin náà, ó ké pé, "Áà, ọmọ wa ni!" Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti dàrú. Ó wá ń bèèrè bí ìbátan yìí bá lè fa àìsàn sí ara àwọn ọmọ tí wọn yóò bí.

Ìbéèrè yìí tọ́, kì í sì í ṣe òun nìkan ni ó kàn. Ní ilẹ̀ wa, ọmọ ìyá ẹni ni ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni. Ọmọ-ọmọ àbúrò bàbá-bàbá ẹni náà sì ni ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Èyí dára fún ìfẹ́ àti ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ bí ẹ̀jẹ̀ ti sún mọ́ra tó. Àfi kí a kà á.

Báyìí ni a ṣe ń kà á. Ẹ kọ́kọ́ wá baba-ńlá tàbí ìyá-ńlá tí ẹ̀yin méjèèjì jọ ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ ọmọ dé ọ̀dọ̀ òbí jẹ́ ìgbésẹ̀ kan. Ẹ ka ìgbésẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọkọ lọ sókè dé ọ̀dọ̀ ẹni náà, kí ẹ sì ka ti ìsàlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyàwó. Ìdajì ohun àjogúnbá inú ara òbí ni ọmọ ń gbà, nítorí náà ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gé ohun tí ẹ jọ ní sí méjì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin wa ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá-bàbá rẹ̀ àti ìyá-ìyá ọmọbìnrin náà jẹ́ ọbàkan, èyíinì ni pé bàbá wọn kan náà, ìyá wọn yàtọ̀. Ìgbésẹ̀ 3 ni ó gùn dé ọ̀dọ̀ baba-ńlá náà, 3 ni ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin: 6 lápapọ̀. Bí a bá gé odindi sí méjì lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ìdá kan nínú 64 ni ó kù. Bí ìyá àwọn àgbà méjì náà bá jẹ́ ọ̀kan pẹ̀lú, a ó tún ka ọ̀nà ti ìyá mọ́ ọn, yóò sì di ìdá kan nínú 32. Ti àwọn tí òbí wọn jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá kan náà jẹ́ ìdá kan nínú 8. Nítorí náà, ní ilé olórogún, ẹ má gbàgbé láti bèèrè orúkọ ìyá.

Ẹ tún bi àwọn àgbà léèrè ohun tí "ọmọ wa" túmọ̀ sí lẹ́nu wọn. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tí ogun tú ká wá péjọ sí abẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830, àwọn ará ìlú kan náà ń pe ara wọn ní ẹbí, bí wọn kò tilẹ̀ bá ara wọn tan. Bí ẹ bá sì gun ìgbésẹ̀ 7 kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ baba-ńlá kan, ìdá kan nínú 16,384 ni ẹ jọ gbà láti ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí ni èyí kan ìlera? Àwọn àrùn kan wà tí ọmọ kì í ní àfi bí bàbá àti ìyá bá jọ gbé e pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ìbátan bá ti sún mọ́ra tó ni ó ṣe rọrùn tó kí àrùn tí ó ṣọ̀wọ́n pàdé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àrunmọ́léegun, tí a tún ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, kò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Nínú ènìyàn 4 ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan jẹ́ AS. Ẹni AS kì í ṣe aláìsàn. Ẹ̀jẹ̀ náà tilẹ̀ ń gbà á lọ́wọ́ ibà líle nígbà èwe, ìdí sì nìyí tí ó fi pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Nítorí náà, ẹni méjì tí kò bára tan rárá lè jọ jẹ́ AS.

Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú 4 ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Bí ọmọ àkọ́bí bá jẹ́ SS, kò túmọ̀ sí pé àwọn tí ó kù ti bọ́. Kí ẹni AC pẹ̀lú ṣọ́ra fún AS, nítorí SC náà jẹ́ àrùn.

Ìmọ̀ràn wa fún ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ni pé kí òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ọ́, kí wọ́n sì tún un ṣe ní ibòmíràn kí ó lè dá wọn lójú. Ti pé àṣà gbà á tàbí kò gbà á, ọwọ́ àwọn àgbà ni ó wà. Ṣùgbọ́n kí ó mú ìwé àti bírò tọ ìyá àgbà nì lọ, kí ó kọ orúkọ tí ó bá mọ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mú ẹkún sun.