Ọmọ Ológbò Wọlé Bá Àgbà Ológbò: Ṣé O Mọ̀?

Ṣé o mọ̀ pé imú ni ológbò kọ́kọ́ fi ń mọ ará ilé rẹ̀, kí ojú tó dá sí i?

Ní Ògèrè, níbi tí tírélà ti ń tò lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí àwọn olóúnjẹ ń dáná fún awakọ̀ tọ̀sán tòru, èkúté kì í wọ́n. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù a máa sin ológbò. Bí ìyẹn bá ti ń dàgbà, wọ́n á gba ọmọ ológbò méjì lọ́wọ́ aládùúgbò, wọ́n á gbé wọn kalẹ̀ síwájú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé bí ológbò bá ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra ẹsẹ̀ àga àti ẹsẹ̀ rẹ, òórùn ara rẹ̀ ló ń fi pa wọ́n? Ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n àti ìdí ìrù rẹ̀ ni òórùn náà ti ń jáde. Ọmọ tó wọlé láìní òórùn yẹn lára, àjèjì ni.

Ṣé o mọ̀ pé ológbò tún ní ibòmíì tó fi ń gbóòórùn, ní àjà ẹnu, lẹ́yìn eyín iwájú?

Ṣé o mọ̀ pé àkísà méjì lè ṣe ohun tí pàṣán kò lè ṣe? Ti àwọn ọmọ mọ́ yàrá kan, pẹ̀lú omi, oúnjẹ àti yanrìn tiwọn tí wọ́n á máa yàgbẹ́ sí. Fi àkísà kan nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, kó o tẹ́ ẹ sábẹ́ àwo oúnjẹ àgbà. Fi èkejì nu àgbà, kó o gbé e sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Máa bọ́ wọn ní ìhà méjèèjì ilẹ̀kùn tó wà ní títì, kí òórùn ẹnì kejì àti ìgbádùn oúnjẹ lè máa bá ara wọn rìn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ yàrá. Ìgbà náà ni kí wọ́n tó fojú rí ara wọn, láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì tí a fi ń dí ẹ̀fọn. Àwọn kan á gbà láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Àwọn mìíràn á lò ju oṣù kan lọ. Má kánjú rárá.

Ṣé o mọ̀ pé àgbà tó ń kùn, tí irun rẹ̀ dìde, kì í ṣe àjẹ́? Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó máa ń dùn mí wọra bí wọ́n bá ń sọ òkò lu ẹranko nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ológbò igbó ilẹ̀ Áfíríkà, Felis lybica, tí tilé ti ṣẹ̀ wá, ń dá nìkan ṣọdẹ ni, kì í sì í fẹ́ kí irú rẹ̀ tẹ ilẹ̀ òun. Bó o bá nà án, ìrora ẹgba ni yóò máa rántí nígbàkúùgbà tó bá rí ọmọ náà.

Ṣé o mọ̀ pé yàrá ọ̀tọ̀ tí a ti àwọn ọmọ mọ́ yẹn ń gba ẹ̀mí là, torí kì í jẹ́ kí àrùn tètè ràn? Àrùn panleukopenia ń pa ọmọ ológbò kíákíá, kòkòrò rẹ̀ sì lè wà nínú ilé fún ọdún kan. Omi bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun máa ń pa á. Àjẹsára rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8.

Má fi oògùn ìfọlẹ̀ tí ń jẹ́ ísáàlì nu ilẹ̀ yàrá náà o! Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lágbára láti palẹ̀ irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ mọ́. Á tẹ̀ ẹ́, á lá àtẹ́lẹsẹ̀, á gbé e mì. Ìdí kan náà ni parasitámọ́ọ̀lù fi ń pa á.

Ṣé o mọ̀ pé wàrà màálù lè fún un ní ìgbẹ́ gbuuru?

Ṣé o mọ̀ pé ológbò 3 ń fẹ́ abọ́ yanrìn 4?

Ṣé o mọ̀ pé kò yẹ ká gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8? Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ 2 sí 7 ni kí ọwọ́ èèyàn ti máa kàn án, kó má bàa ya ẹhànnà.

Ṣé o mọ̀ pé abo lè lóyún ní oṣù 4, kó sì bí lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 9? Àwọn dókítà ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta lè ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ. Láti Ògèrè, o lè wọkọ̀ lọ sí èyíkéyìí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.